Ta Ni Yóò Máa Ṣe É Lọ? Ọ̀rọ̀ Lórí Àjọṣe Ẹgbẹ́ Aláàánú àti Ìjọba

Ẹ̀yin àgbà tó wà níkàlẹ̀, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹ̀yin tí ẹ ti oríṣiríṣi ẹgbẹ́ aláàánú wá, mo kí gbogbo yín o. Ẹ kú ìkàlẹ̀.

Àkòrí tí wọ́n fún mi ni bí àwọn ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ti ìjọba, tí wọn kì í sì í wá èrè, ṣe lè bá ìjọba ṣiṣẹ́ kí ètò ìrànwọ́ ará ìlú lè dára sí i. Ọ̀rọ̀ náà gbòòrò. Ó kan ilé ìwé, ó kan ìlera, ó kan omi, ó kan owó ìrànwọ́ fún aláìní. N kò lè fọwọ́ kan gbogbo rẹ̀ lónìí. Ohun kan ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò dáadáa: lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ aláàánú bá kó ẹrù rẹ̀ kúrò níbẹ̀, ta ni yóò máa ṣe iṣẹ́ náà lọ? Lójú tèmi, ìbéèrè yìí ló yẹ kó ṣáájú nínú gbogbo àdéhùn, kí a tó dá owó lé e, kí a tó ya fọ́tò ìfọwọ́síwèé. Ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n ń fi í sí níbi púpọ̀, ìdí sì nìyẹn tí ètò tó ń dán gbinrin fún ọdún mẹ́ta fi ń di àwátì ní ọdún kẹrin.

Ẹ jẹ́ kí n mú Kẹ́ńyà ṣe àpẹẹrẹ. Ní nǹkan bí ọdún 2010, ìjọba ibẹ̀ fẹ́ gba àwọn olùkọ́ tí yóò máa ṣiṣẹ́ lórí àdéhùn ìgbà díẹ̀, kí kíláàsì tó kún fọ́fọ́ lè fúyẹ́. Ìdánwò kan tí wọ́n ti ṣe tẹ́lẹ̀ ní apá ìwọ̀ oòrùn orílẹ̀-èdè náà ti fi hàn pé irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń mú kí ọmọ mọ̀wé sí i. Àwọn olùwádìí wá bá ìjọba ṣètò ìdánwò tó gbòòrò ju ìyẹn lọ, wọ́n mú ilé ìwé 192 káàkiri gbogbo ẹkùn orílẹ̀-èdè náà, wọ́n sì pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ní apá kan, ẹgbẹ́ aláàánú World Vision ló bójú tó ètò olùkọ́ náà. Ní apá kejì, ìjọba fúnra rẹ̀ ló ṣe é. Apá kẹta kò gba olùkọ́ kankan, kí ohun tí wọn yóò fi wé èyí tó kù lè wà.

Ètò kan náà ni, irú olùkọ́ kan náà, lábẹ́ òfin kan náà. Níbi tí ẹgbẹ́ aláàánú ti mú un ṣe, àwọn ọmọ mọ̀wé sí i. Níbi tí ìjọba ti mú un ṣe, kò sí èrè kankan tí a lè tọ́ka sí. Owó oṣù àwọn olùkọ́ ń falẹ̀, àbójútó kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, nígbà tí ọ̀rọ̀ sì di pé ìjọba fẹ́ gba ẹgbẹ̀rún 18 irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ dìde, wọ́n ní àwọn ò gbà.

Àwọn kan gbọ́ ìtàn yìí, wọ́n ní, “Ẹ ò rí i? Ìjọba ò lè ṣe nǹkan kan.” Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń san owó oṣù fún ènìyàn díẹ̀ láti ọ́fíìsì kan kò lè fi ara rẹ̀ wé iléeṣẹ́ ìjọba tí ìwé ìsanwó rẹ̀ ń gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá mẹ́fà kọjá kó tó dé báńkì. Ìdánwò àkọ́kọ́ fi hàn pé olùkọ́ bẹ́ẹ̀ wúlò fún ọmọ. Kò fi hàn bí owó rẹ̀ yóò ṣe máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní ìparí oṣù, nítorí ẹgbẹ́ aláàánú ló bójú tó apá ibẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó sì jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Mo yin àwọn tó gbà kí wọ́n ṣe ìdánwò náà, tí wọ́n sì jẹ́ kí àbájáde rẹ̀ jáde fáyé rí. Ìjọba tó jẹ́ kí wọ́n wọn òun lójú gbogbo ènìyàn yẹ ní ọ̀wọ̀.

Íńdíà ni ibi tí mo fẹ́ kí a dúró lé jù, nítorí ẹgbẹ́ tó wà níbẹ̀ kò jáwọ́ nígbà tí nǹkan kò lọ bó ṣe yẹ. Pratham ni wọ́n ń pè é. Ìlú Mumbai ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1990. Ohun tó ń dùn wọ́n ni pé àwọn ọmọ ń lọ sí ilé ìwé, wọ́n ń gba kíláàsì kan bọ́ sí òmíràn, ṣùgbọ́n wọn ò lè kàwé. Láti ọdún 2005 ni wọ́n ti ń lọ láti ilé dé ilé ní ìgbèríko Íńdíà láti yẹ ọmọ wò, ohun tí wọ́n sì ń bá pàdé léraléra ni pé nǹkan bí ìdajì àwọn ọmọ tó wà ní kíláàsì karùn-ún ni kò lè ka ìwé kíláàsì kejì.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yẹ ọmọ wò kò le rárá. Ìwé pélébé kan ni. Lẹ́tà wà lórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ kéékèèké tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ìpínrọ̀ kan tí ọmọ kíláàsì kìíní lè kà, ìtàn kúkúrú ló gbẹ̀yìn. Olùyẹ̀wò á jókòó ti ọmọ kan ṣoṣo, á ní kó kà á sókè. Ibi tí ẹnu ọmọ bá ti wọ́, ibẹ̀ ni a ti mọ ipò rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á kó gbogbo àwọn tí kò tíì mọ̀ ju lẹ́tà lọ pọ̀, ì báà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, ì báà jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, wọ́n á fún wọn ní wákàtí kan tàbí méjì lóòjọ́, wọ́n á kọ́ wọn láti ibi tí wọ́n dé. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ afínnúfíndọ̀ ṣiṣẹ́ tí Pratham kọ́ ń ṣe é ní abúlé, àwọn ọmọ tó bá wá síbẹ̀ mọ̀wé kà.

Ó kù bí yóò ṣe wọ inú ilé ìwé ìjọba, níbi tí ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ọmọ wà. Wọ́n gbìyànjú ní ìpínlẹ̀ Bihar àti Uttarakhand láàárín ọdún 2008 sí 2010. Wọ́n dá àwọn olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́, wọ́n fún wọn ní ìwé, níbòmíràn wọ́n fi àwọn ọ̀dọ́ afínnúfíndọ̀ ṣiṣẹ́ kún un. Pàbó ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ já sí. Ní Uttarakhand, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n rán wá di igbákejì olùkọ́ ní kíláàsì bí ti àtẹ̀yìnwá, iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ wá sì sọnù sáàárín. Èyí tó kọ́ mi lọ́gbọ́n jù ni ti Bihar. Nígbà ìsinmi ìgbà ooru, àwọn olùkọ́ ìjọba kọ́ àwọn ọmọ tí ìwé kò yé ní ọ̀nà Pratham fún nǹkan bí oṣù kan, àwọn ọmọ náà sì tẹ̀síwájú. Ilé ìwé wọlé. Àwọn olùkọ́ tí wọ́n ti gba ẹ̀kọ́ náà, tí ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn, padà sí sílábọ́ọ̀sì, ètò ìsinmi sì parí síbẹ̀.

Ẹ má dá wọn lẹ́bi kíákíá. Ohun tó kọjú sí ẹnì kan, ẹ̀yìn ló kọ sí ẹlòmíràn. Lójú ẹgbẹ́ aláàánú, kí ọmọ lè kàwé ni iṣẹ́ olùkọ́. Lójú olùkọ́ náà, kí sílábọ́ọ̀sì parí kí ọdún tó parí ni iṣẹ́ tí wọ́n gbà á sí. Òun ni ọ̀gá àyẹ̀wò yóò béèrè bó bá dé, òun ni yóò rí nínú ìwé àkọsílẹ̀. Kò sí ẹni tó máa bi í léèrè bóyá ọmọ tó jókòó sẹ́yìn lè ka lẹ́tà. Ẹ̀kọ́ṣẹ́ ọjọ́ díẹ̀ kò lè yí ohun tí ọ̀gá ń béèrè padà.

Pratham àti àwọn olùwádìí tó ń bá wọn rìn padà sídìí ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tó di ọdún 2012, ní ìpínlẹ̀ Haryana, wọ́n bá ìjọba ṣe é lọ́nà mìíràn. Ìjọba fi wákàtí kan kún àkókò ilé ìwé, ó sì kéde pé ìkàwé nìkan ni wákàtí náà wà fún, pé sílábọ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Wọ́n tún pín àwọn ọmọ gẹ́gẹ́ bí ìmọ̀ wọn fún wákàtí yẹn. Ohun kẹta ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn: wọ́n lọ bá àwọn alábòójútó, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kí wọ́n máa yẹ olùkọ́ wò. Wọ́n dá wọn lẹ́kọ̀ọ́ ṣáájú, wọ́n sì ní kí àwọn fúnra wọn wọ kíláàsì, kí wọ́n fi ọ̀nà yìí kọ́ ọmọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí wọ́n tó lọ máa ṣọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ fojú inú wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Alábòójútó tó ti ń fi ọ̀pọ̀ ọdún ka iye ọmọ tó wá àti iye ìwé tó dé, á wá rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀ pé ọmọ tí kò mọ lẹ́tà Híńdì ‘ka’ yàtọ̀ sí ‘kha’ ti ń ka ọ̀rọ̀. Nígbà tó bá dé ọ̀dọ̀ olùkọ́, ìbéèrè rẹ̀ á ti yàtọ̀. Bí olùkọ́ bá ní kò ṣeé ṣe, ó lè dáhùn pé, “Èmi náà ṣe é.” Nígbà tí wọ́n wọn iṣẹ́ ọ̀hún ní ìparí ọdún, ìkàwé èdè Híńdì àwọn ọmọ ti gbé pẹ́ẹ́lí sí i, ọwọ́ àwọn olùkọ́ ìjọba ló sì ti wá. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà yìí ti ń kọjá sí orílẹ̀-èdè mìíràn. Ní Sáńbíà, iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ gbé e sábẹ́ ara rẹ̀, wọ́n sì fún un ní orúkọ tiwọn, Catch Up.

Mo ti pẹ́ lórí Íńdíà, mo sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹgbẹ́ aláàánú ní ohun kan tí ìjọba kì í fi bẹ́ẹ̀ ní: àyè láti kùnà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, kí ó sì tún un ṣe láìjẹ́ pé mínísítà pàdánù ipò. Ìjọba ní ohun tí ẹgbẹ́ aláàánú kò lè ní láéláé: òfin, owó orí, òṣìṣẹ́ ní gbogbo kọ̀rọ̀, àti ẹ̀tọ́ tí ará ìlú ní láti bi í léèrè. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ gba ipò ìjọba, tó ń kọ́ ilé ìwòsàn tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ti ìjọba, tó sì ń fi owó gọbọi fa nọ́ọ̀sì ìjọba mọ́ra, ń sọ ilé ìwòsàn kan di aláìní nọ́ọ̀sì kó lè fi èkejì hàn fún àwọn olùrànlọ́wọ́. Èyí ń bí mi nínú, n kò sì ní fi bò. Ẹ rí i ní orílẹ̀-èdè púpọ̀: nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ jù ni ó kọ́kọ́ ń lọ.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ohun tó kù jẹ́ ọ̀rọ̀ ìmọ̀ tàbí owó. Ìgbà mìíràn, fọ́ọ̀mù ni. Ní Kalifóníà, ní Amẹ́ríkà, ìjọba ní owó oúnjẹ fún àwọn tí owó tó ń wọlé fún wọn kéré. Owó wà níbẹ̀, òfin wà níbẹ̀, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i ni kò gbà á. Àwọn ọ̀dọ́ tó mọ kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ Code for America, bẹ̀rẹ̀ sí í wo ibi tí àwọn ènìyàn ti ń jábọ́. Fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì tó wà nílẹ̀ gùn ju ojú ewé 50 lọ, ó ń gba nǹkan bí wákàtí kan kí ènìyàn tó kọ ọ́ tán, kò sì rọrùn láti lò lórí fóònù, bẹ́ẹ̀ fóònù ni aláìní ní. Wọ́n kọ òmíràn tí kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, tó ṣeé kọ lórí fóònù, tó jẹ́ pé bí ìwé kan bá kù, ènìyàn lè ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Ìlú kan ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ó dé gbogbo káńtì 58, ìyẹn àgbègbè ìjọba ìbílẹ̀, tó wà ní ìpínlẹ̀ náà.

Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan tó wà nínú fọ́ọ̀mù àtijọ́ ni ẹnì kan fi síbẹ̀ nítorí ìdí kan: òfin kan, ẹjọ́ kan, ìbẹ̀rù kan pé wọ́n á jí owó. Kò sí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti jókòó ti ìyá tó ń kọ ọ́ kó sì wo ibi tó ti ń sú u. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ aláàánú ti wúlò jù, nítorí ó ní àyè láti jókòó ti ìyá náà.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ sòbìyà náà. Ní ọdún 1986, nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀ ènìyàn ló ń ní in lọ́dọọdún, ní orílẹ̀-èdè bíi mọ́kànlélógún ní Áfíríkà àti Éṣíà. Ní ọdún 2024, ènìyàn 15 péré ni ó mú ní gbogbo ayé. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un, kò sí oògùn tó ń pa á. Aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi mu ni, àti pé kí ẹni tí sòbìyà ń jáde lára rẹ̀ má wọ inú odò tàbí adágún tí wọ́n ti ń pọnmi. Ẹgbẹ́ Carter Center, tí ààrẹ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀ Jimmy Carter dá sílẹ̀, ló ṣáájú iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ ìlera orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ni ètò náà. Carter Center fi olùdámọ̀ràn sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Ní abúlé, ọmọ abúlé fúnra rẹ̀ ló ń ṣọ́, tó ń kọ orúkọ ẹni tó bá ní in sílẹ̀, tó sì ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù. Nàìjíríà, tó ti ní èyí tó ju ẹgbẹ̀rún 600 lọ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kà á káàkiri orílẹ̀-èdè, rí èyí tó gbẹ̀yìn ní ọdún 2008. Ní ọdún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé ó ti tán níbẹ̀.

Mo ní láti sọ ibi tí ó ti lè burú pẹ̀lú. Ní ọdún 2016, Làìbéríà fi ilé ìwé ìjọba 93 sábẹ́ àbójútó àwọn àjọ mẹ́jọ, àwọn kan ń wá èrè, àwọn kan kò wá a. Olùwádìí tí kò sí lábẹ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn wọ̀n ọ́n, àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ sì mọ̀wé ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ. Èyí dára. Ṣùgbọ́n nínú àwọn àjọ náà, ọ̀kan lé àwọn ọmọ tó pọ̀ ju iye tí àdéhùn fún kíláàsì lọ jáde, ó sì ní kí ìjọba kó èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn olùkọ́ tó bá níbẹ̀ lọ síbòmíràn. Níbo ni àwọn ọmọ yẹn lọ? Ilé ìwé wo ló gba àwọn olùkọ́ tí ẹlòmíràn kò fẹ́? Ẹgbẹ́ tó bá yan ẹni tí yóò ràn lọ́wọ́ lè dára lójú ìwé ìgbéléwọ̀n. Ìjọba kò lè yan. Nítorí náà, ẹ rí i dájú pé àdéhùn yín ka gbogbo ọmọ tó wà ní àdúgbò náà, kì í ṣe àwọn tó jókòó sí kíláàsì nìkan.

Ohun tí ẹ bá kà ni wọ́n á ṣe. Ní Bangladẹ́ṣì, láti ọdún 1980, ẹgbẹ́ BRAC ń lọ láti ilé dé ilé láti kọ́ àwọn ìyá bí wọ́n ṣe máa po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru. Láàárín ọdún mẹ́wàá, wọ́n dé ilé tó lé ní mílíọ̀nù 12. Owó tí òṣìṣẹ́ ń gbà dá lórí ohun tí ìyá rántí nígbà tí ẹlòmíràn padà wá bi í léèrè lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Wọn ò ka iye ilé tí ó wọ̀. Gbàrà tí èyí bẹ̀rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ kò sáré sọ̀rọ̀ kọjá lọ mọ́, wọ́n jókòó, wọ́n jẹ́ kí ìyá fọwọ́ ara rẹ̀ po omi náà lójú wọn.

Ọ̀rọ̀ owó kù, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìdí ìṣúná ìjọba, ẹ jọ̀wọ́, ẹ san owó tí ẹ jẹ ẹgbẹ́ lásìkò. Ẹgbẹ́ ńlá lè yá owó títí ìwé yín yóò fi jáde. Ẹgbẹ́ kékeré tó mọ àdúgbò náà jù kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, òun ni yóò sì kọ́kọ́ kógbá wọlé. Ẹ tún jẹ́ kí owó náà ká akọ̀wé tó ń ṣírò rẹ̀, nítorí ẹ̀yin kan náà lẹ ń béèrè ìṣirò ọ̀hún lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ aláàánú, bí owó ìjọba bá wọ ọwọ́ yín, ẹ má tìtorí rẹ̀ dákẹ́ nígbà tí ètò kan bá ń ṣe ará ìlú ní ibi. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹ lómìnira láti sọ̀rọ̀. Ó ṣòro láti bẹ̀bẹ̀ fún un lẹ́yìn tí ìjà bá ti dé.

Ohun tó gbẹ̀yìn ni ìgbéléwọ̀n. Ẹ fi ẹnu kò lórí rẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sì fi lé ẹni tí kò sí lábẹ́ ẹ̀yin méjèèjì lọ́wọ́. Ní ọdún 1997, ìjọba Mẹ́síkò bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n ń pè ní Progresa, tó ń fún àwọn ìyá ní owó bí ọmọ wọn bá ń lọ sí ilé ìwé tí wọ́n sì ń yọjú sí ilé ìwòsàn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti yan abúlé 506 fún ìdánwò: 320 bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, àwọn 186 tó kù dúró fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó dara pọ̀. IFPRI, àjọ olùwádìí tí kì í wá èrè, ló gbé e yẹ̀ wò. Ní ọdún 2000, ẹgbẹ́ òṣèlú tó ti ń ṣèjọba láti nǹkan bí àádọ́rin ọdún pàdánù ìbò. Ìṣe ìjọba tuntun níbẹ̀ ni pé kí wọ́n fagi lé ètò tí wọ́n bá lọ́wọ́ ìjọba àná. Àmọ́ ìwé ìgbéléwọ̀n ti wà lórí tábìlì, ẹni tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ ìjọba àná ló sì kọ ọ́. Wọ́n yí orúkọ ètò náà padà, wọ́n sì mú un wọ àwọn ìlú ńlá. Orúkọ tún yí padà lẹ́yìn ìgbà náà, ààrẹ mìíràn wọlé, òmíràn jáde, àwọn ìyá ṣì ń gba owó náà títí di ọdún 2019.

Mo dúpẹ́ pé ẹ fetí sílẹ̀. Bí ẹ bá ní ìbéèrè, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ lójú fèrèsé ọ́fíìsì ìjọba níbi tí ará ìlú ti ń tò sí, tiyín ni mo fẹ́ kọ́kọ́ gbọ́.